Bí A Ṣe Ń Ka Àsọtẹ́lẹ̀ Ìgbà Ìkẹyìn Nínú Ìwé Àwọn Wòlíì Hébérù

Ẹni tó ṣí Èsíkíẹ́lì orí 38, níbi tí Gọ́ọ̀gù ti fẹ́ gbógun ti Ísírẹ́lì, tó sì ti nawọ́ mú ìwé ìròyìn kó tó ka dé ẹsẹ kẹta, ti ṣìnà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé lè kan àsọtẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni náà ti fo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn tí wòlíì dojú kọ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn wọn ni Jésù àti àwọn àpọ́sítélì gba ọ̀rọ̀ kan náà, tí wọ́n sì sọ bí ó ṣe ṣẹ tàbí bí yóò ṣe ṣẹ. Àwa la ṣe ìkẹta lórí ìlà. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé fún Kristẹni jù ni kí ó fo ìkejì yẹn, kí ó ti ẹnu wòlíì bọ́ sínú ìròyìn àárọ̀ yìí.

Ohun èlò kò pọ̀: Bíbélì ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ èdè ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀kan tó fi èdè òde òní gbé e; kọ́ńkọ́dáǹsì, ìwé tó ń tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú Bíbélì; àwòrán ilẹ̀ ayé àtijọ́; ìwé ìkọ̀wé kan àti pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù la wí, kì í ṣe bírò, nítorí ẹ máa pa ọ̀pọ̀ nǹkan rẹ́. Ẹ má ṣe fi Dáníẹ́lì bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Jóẹ́lì bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ 73 péré ni, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìjókòó kan kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé kan tó ní Jóẹ́lì ní orí mẹ́rin, ẹ má bẹ̀rù: báyìí ni Bíbélì Hébérù ṣe pín in. Jóẹ́lì 2:28-32 tiwa ni 3:1-5 tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ọdún sí ọ̀rọ̀ náà

Ẹ mọ ọba tó wà lórí oyè àti ogun tó wà lẹ́nu bodè nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn wòlíì kan kì í jẹ́ kí a wá a kiri. Hágáì 1:1 fún wa ní ọdún kejì Dáríúsì, oṣù kẹfà, ọjọ́ kìíní, èyí tó bọ́ sí ọdún 520 ṣáájú ìbí Kristi. Èsíkíẹ́lì ń ka ọdún tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kó ọba Jéhóíákínì lọ sí ìgbèkùn ní 597; nítorí náà ọdún karùn-ún tó sọ ní orí kìíní jẹ́ 593, ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó sọ ní orí 40 sì jẹ́ 573. Jóẹ́lì ní tirẹ̀ kò dárúkọ ọba kankan. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀. Ìtumọ̀ tí ẹ bá gbé ka orí ọdún tí ẹ fúnra yín dá sí i yóò wó.

Ẹ kọ ọdún mẹ́fà yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìkọ̀wé yín. Ṣáájú ìbí Kristi: 722, Samáríà bọ́ sọ́wọ́ Ásíríà; 586, Bábílónì jó Jérúsálẹ́mù àti tẹ́ńpìlì; 539, Kírúsì ará Pásíà gba Bábílónì; 516, wọ́n parí tẹ́ńpìlì kejì; 167, Áńtíókúsì kẹrin, ọba Síríà, sọ tẹ́ńpìlì náà di àìmọ́. Lẹ́yìn ìbí Kristi: ọdún 70, Róòmù wó o palẹ̀. Bí ẹ bá ka ẹsẹ kan nípa tẹ́ńpìlì, ojú ewé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí. Ilé tí Sakaráyà 4:9 ń sọ pé ọwọ́ Sérúbábélì yóò parí, iṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ lójú àwọn tó ń gbọ́ ọ. Kò sí ìdí láti gbé ẹsẹ yẹn lọ sí ọjọ́ iwájú tiwa.

Dáníẹ́lì ló le jù lórí ọ̀rọ̀ ọdún. Ìgbàgbọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ ni pé ní ìgbèkùn Bábílónì ló ti kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì sọ pé àsìkò Áńtíókúsì ni ìwé náà parí sí. Nínú Bíbélì Hébérù, kò sí lára àwọn Wòlíì; ó wà láàárín àwọn Ìwé Mímọ́ yòókù. Láti 2:4 títí dé òpin orí 7, èdè Árámáíkì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ mọ èyí kí ẹ má baà ka Dáníẹ́lì bí ẹni ń ka Ámósì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí

Wòlíì kò pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí orí. Àwọn ènìyàn ló pín in lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Orin ìránṣẹ́ tó ń jìyà bẹ̀rẹ̀ ní Aísáyà 52:13, kì í ṣe 53:1. Ẹ wá "Báyìí ni Olúwa wí" tàbí "Ọ̀rọ̀-ìmọ̀ nípa", kí ẹ fa ìlà sí ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tan ni

Àkọ́kọ́ ni "ní ìkẹyìn ọjọ́", tó jẹ́ beaharit hayamim ní Hébérù. Etí wa máa ń gbọ́ òpin ayé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jékọ́bù lo ó ní Jẹ́nẹ́sísì 49:1 nígbà tó ń sọ ohun tí yóò bá ẹ̀yà àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kénáánì, Bálámù náà sì lo ó ní Númérì 24:14. Ní Aísáyà 2:2, ìran tó tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, "lọ́jọ́ iwájú" ni gbólóhùn yìí. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa sọ bí ọjọ́ iwájú náà ṣe jìnnà tó.

Èkejì ni "ọjọ́ Olúwa". Àwọn ará Ísírẹ́lì ń retí rẹ̀ bí ọjọ́ ayọ̀. Ámósì ní kí wọ́n dákẹ́: ó dà bí ẹni tó sá fún kìnnìún tó lọ pàdé béárì, tó wá sáré délé, tó fọwọ́ ti ògiri, tí ejò sì bù ú jẹ (Ámósì 5:18-19). Ọjọ́ yẹn dé bá Samáríà ní 722, irú rẹ̀ tún dé bá Jérúsálẹ́mù ní 586. Síbẹ̀ Málákì 4:5, tí ìgbà rẹ̀ wà lẹ́yìn méjèèjì, ṣì ń sọ pé ó ń bọ̀. Orúkọ kan náà ni ọjọ́ púpọ̀ ń jẹ́, tí ọ̀kan sì jọ èkejì. Bí ẹ bá rò pé ẹyọ ọjọ́ kan ṣoṣo ni, gbogbo ìwé àwọn wòlíì yóò dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà tún wà níbẹ̀. Wòlíì a máa sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ti parí: "A bí ọmọ kan fún wa" ní Aísáyà 9:6. Èyí kò yẹ kó ṣòro fún Yorùbá. "O gbé!" la máa ń kígbe sí ẹni tí ìyà kò tíì fọwọ́ kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bi Bíbélì léèrè ohun tí àwòrán túmọ̀ sí

Kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn wa ló ń pinnu bóyá oòrùn tó ṣókùnkùn jẹ́ oòrùn gidi tàbí àwòrán. Ẹ gbé kọ́ńkọ́dáǹsì. Aísáyà 13:10 sọ pé ìràwọ̀ kò ní tàn, oòrùn yóò ṣókùnkùn, òṣùpá kò ní mọ́lẹ̀. Ta ni ọ̀rọ̀ náà bá wí? Ẹsẹ kìíní ní Bábílónì. Ẹsẹ 17 dárúkọ àwọn ará Mídíà tí yóò gbógun tì í. Bábílónì ṣubú ní 539, oòrùn sì yọ lọ́jọ́ kejì. Èsíkíẹ́lì 32:7-8 sọ irú rẹ̀ sí Fáráò, Aísáyà 34:4-5 sọ ọ́ sí Édómù. Èdè tí àwọn wòlíì fi ń sọ pé ìjọba kan ń wó nìyẹn.

Ẹ wá gbé èyí lọ sí Máàkù 13:24-25, níbi tí Jésù ti lo ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn kan sọ pé ìṣubú Jérúsálẹ́mù ní ọdún 70 ló ń sọ. Àwọn mìíràn ní rárá, nítorí ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ ti Ọmọ ènìyàn tó ń bọ̀ nínú àwọsánmà àti àwọn àyànfẹ́ tí a ń kó jọ. Kí ẹ tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹ padà sí Dáníẹ́lì 7:13 tí Jésù ti fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ, kí ẹ wo ibi tí ẹni náà ń lọ. Ọ̀dọ̀ Ẹni Àgbà Ọjọ́ ló ń lọ, síwájú ìtẹ́, láti gba ìjọba. Ayé kọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí nínú ẹsẹ yẹn. Ọ̀pọ̀ tó ti ka Máàkù 13 nígbà àìmọye kò kíyè sí èyí rí. Kò túmọ̀ sí pé Kristi kò ní padà. Ìṣe 1:11 sọ ìyẹn láìfi bò. Ó kàn fi hàn pé ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà mìíràn ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ń túmọ̀ ara rẹ̀, iṣẹ́ a sì dín kù. Dáníẹ́lì 8:20-21 sọ pé àgbò oníwo méjì ni ọba Mídíà àti Pásíà, òbúkọ sì ni ọba Gíríìkì. Èsíkíẹ́lì 37:11 sọ pé egungun gbígbẹ ni gbogbo ilé Ísírẹ́lì tó ń sọ ní ìgbèkùn pé ìrètí àwọn ti pin. Níbi tí ìwé bá ti sọ̀rọ̀, kí alásọyé dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé ó ti ṣẹ, ṣé ó ku ibì kan, ṣé ó sinmi lórí ohun tí àwọn olùgbọ́ bá ṣe?

Jeremáyà 18:7-10 ni òfin tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: bí Ọlọ́run bá kéde ìparun tí orílẹ̀-èdè náà sì yí padà, yóò dá a dúró. Jónà kéde ogójì ọjọ́ fún Nínéfè. Ogójì ọjọ́ pé, ìlú kò parun, Jónà kò sì di wòlíì èké. Míkà 3:12 sọ pé a ó tu Síónì bí oko; ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn àgbààgbà ṣì rántí pé Hesekáyà bẹ Olúwa, ó sì dá ibi náà dúró (Jeremáyà 26:18-19).

Ní ti èyí tó ṣẹ lápá kan, Jésù fúnra rẹ̀ ló fi ìka tọ́ ọ fún wa. Ní Násárẹ́tì, ó ka Aísáyà 61 dé "ọdún ìtẹ́wọ́gbà Olúwa", ó pa ìwé dé, ó jókòó, ó ní ó ti ṣẹ lónìí (Lúùkù 4:18-21). Ẹ ṣí Aísáyà 61:2 kí ẹ wo ibi tó dúró sí. Gbólóhùn náà kò tíì parí. Ohun tó kù ni "àti ọjọ́ ẹ̀san Ọlọ́run wa". Ní Hébérù, lẹ́tà kan ṣoṣo ló dúró fún "àti" yẹn. Àárín lẹ́tà kan yẹn ni gbogbo ìtàn ìjọ wà títí di òní. Bí wòlíì bá fi ohun méjì sí ẹsẹ kan, ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ kan náà ni wọn yóò dé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ni àwọn àpọ́sítélì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe?

Ibí ni kí ẹ pẹ́ sí jù.

Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Pétérù ka Jóẹ́lì, ó ní "èyí ni ohun tí wòlíì sọ". Hébérù Jóẹ́lì ní "lẹ́yìn èyí". Pétérù sọ ọ́ di "ní ọjọ́ ìkẹyìn" (Ìṣe 2:17). Ẹni tó ń béèrè bóyá a ti wọ ọjọ́ ìkẹyìn ń béèrè ohun tí Pétérù ti dáhùn. Hébérù 1:2 náà dáhùn bákan náà. Oòrùn tó di òkùnkùn nínú Jóẹ́lì ni ìjà ṣì wà lé lórí: àwọn kan so ó mọ́ òkùnkùn ọjọ́ àgbélébùú, àwọn kan mọ́ ọdún 70, àwọn yòókù sì fi í sí iwájú.

Èyí tó tún kọ́ni jù ni Ámósì 9:11-12. Nínú Hébérù, Ọlọ́run yóò gbé àgọ́ Dáfídì tó ṣubú dìde, kí wọ́n lè "ni ìyókù Édómù". Ní Ìṣe 15:16-17, Jákọ́bù fa ẹsẹ yìí yọ níwájú ìgbìmọ̀ Jérúsálẹ́mù, ó sì kà á báyìí: kí "ìyókù ènìyàn lè máa wá Olúwa". Ta ló yí i padà? Ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́, Septuagint, ló tẹ̀ lé. Hébérù àtijọ́ kì í kọ fáwẹ̀lì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà "Édómù" àti "ádámù", tó túmọ̀ sí ènìyàn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà lójú ìwé. "Yóò ni" àti "yóò wá" náà sún mọ́ra, yírẹ́ṣù àti yídírẹ́ṣù. Ohun tó ṣe pàtàkì fún wa ni ibi tí Jákọ́bù lo ẹsẹ náà sí. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni bóyá kí a kọ àwọn Kèfèrí tó gbàgbọ́ nílà. Ó fi àgọ́ Dáfídì dá wọn lóhùn: Jésù ọmọ Dáfídì ti jíǹde, àwọn orílẹ̀-èdè sì ti ń wọlé. Àwọn tó gbà pé ìjọba Dáfídì yóò tún fara hàn ní Jérúsálẹ́mù sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ìmúṣẹ nìyẹn, kì í ṣe òpin rẹ̀. Ó ṣeé gbà. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí a túmọ̀ Ámósì 9 láì dárúkọ Ìṣe 15 rárá.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọmọ Ísírẹ́lì ni àwọn wòlíì wọ̀nyí, àwọn ènìyàn wọn ni wọ́n ń bá wí, àwọn Júù ló sì pa ìwé náà mọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Róòmù 11:18 kìlọ̀ fún ẹ̀ka tí a lọ́ sínú igi pé kó má ṣògo sí àwọn ẹ̀ka yòókù. Ìtumọ̀ tó bá ń kọ́ni láti kórìíra Júù ti bàjẹ́ láti gbòǹgbò.

Ìgbésẹ̀ keje: nọ́ńbà

Dáníẹ́lì 9:24-27 ló ti fi ìṣírò da ọ̀pọ̀ olóòótọ́ láàmú. Dáníẹ́lì ń ka àádọ́rin ọdún Jeremáyà (25:11-12 àti 29:10), wọ́n sì fún un ní "àádọ́rin méje": 7, 62, àti 1. Tí méje kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ọdún méje, 490 nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbajúmọ̀.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti 457, ọdún keje Atasásítà (Ẹ́sírà 7). Méje lọ́nà 69 (7 àti 62) jẹ́ 483. Kò sí ọdún òdo láàárín 1 ṣáájú Kristi àti 1 lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà 457 + 27 − 1 = 483: wọ́n dé ọdún 27, nítòsí ìrìbọmi Jésù. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé àṣẹ Ẹ́sírà 7 sọ ti tẹ́ńpìlì àti òfin, Dáníẹ́lì 9:25 sì sọ ti kíkọ́ Jérúsálẹ́mù.

Àwọn kejì bẹ̀rẹ̀ láti 444, Nehemáyà 2, tó bá ọ̀rọ̀ kíkọ́ ìlú mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún ọlọ́jọ́ 360 ni wọ́n lò: 483 × 360 = ọjọ́ 173,880. Ẹ pín in sí 365.25, ẹ ó rí ọdún 476. Èyí gbé wọn dé ọdún 33. Wọ́n wá gé méje tó kẹ́yìn kúrò, wọ́n gbé e sí ọjọ́ iwájú, sí ìgbà Aṣòdì-sí-Kristi. Lóòótọ́ ni Ìfihàn 11:2-3 fi oṣù 42 ṣe ọjọ́ 1,260, èyí tó fún oṣù ní ọjọ́ 30. Àmọ́ àwọn Júù máa ń fi oṣù kan kún ọdún lóòrèkóòrè kí àjọ̀dún má baà sá kúrò ní àsìkò rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbé ọdún 476 kọjá tó pè é ní 483.

Ọ̀nà kẹta parí gbogbo rẹ̀ sí Áńtíókúsì, láàárín 167 sí 164. Olórí àlùfáà Onáyà kẹta tí wọ́n pa ni "ẹni àmì òróró tí a ké kúrò". Iye ọdún kò bá 490 mu géérégé, wọ́n sì ní nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni. Ìbéèrè tó ń dúró dè wọ́n ni Mátíù 24:15, níbi tí Jésù ti fi ìríra ìsọdahoro sí iwájú, lẹ́yìn Áńtíókúsì ní nǹkan bí igba ọdún. Ẹ fi Lúùkù 21:20 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: níbi tí Mátíù ti ní "ìríra", Lúùkù ní "nígbà tí ẹ bá rí i tí ogun yí Jérúsálẹ́mù ká".

Lójú tiwa, ẹsẹ 24 ló ru ẹrù náà: láti ṣètùtù fún àìṣedéédéé, láti mú òdodo àìnípẹ̀kun wá. Kristẹni mọ ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀nà yòówù kó fi ka ọdún.

Kí ẹ rí bí ìṣírò ṣe ń gbé èèyàn ṣubú, ẹ wo William Miller, oníwàásù ní Amẹ́ríkà. Ó mú 2,300 inú Dáníẹ́lì 8:14, ó sọ ọjọ́ di ọdún, ó kà á láti 457, ó dé 1843, ó ní ìgbà náà ni Kristi yóò padà. Nígbà tó yá, wọ́n rántí ọdún òdo tí kò sí, ó di 1844, àwọn ọmọlẹ́yìn sì fẹnu kò sí October 22. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá. Ìyọkúrò wọn kò ní àṣìṣe. Ohun tó bàjẹ́ ni pé Dáníẹ́lì 8 ti sọ pé láti ara Gíríìkì ni ìwo kékeré tó wó ibi mímọ́ palẹ̀ ti ń jáde, "alẹ́ àti òwúrọ̀" ló sì pe 2,300 náà, kò pè é ní ọdún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ mú Gọ́ọ̀gù wá síbí

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń retí Èsíkíẹ́lì 38, ó yá. Ẹsẹ kejì pe Gọ́ọ̀gù, ọ̀tá tí orí náà ń sọ, ní olórí Méṣékì àti Túbálì. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni roṣi, tó túmọ̀ sí orí tàbí olórí. Àwọn kan sọ ọ́ di orúkọ ilẹ̀, wọ́n ní Rọ́ṣíà ni, Méṣékì ni Mọsiko. Ìró ẹnu nìkan ló jọra. Méṣékì àti Túbálì wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 10:2, àwọn ọba Ásíríà sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀: agbègbè tó di Túrkì lónìí ni wọ́n ń gbé. Ọ̀tá láti òpin ayé tí àwọn olùgbọ́ Èsíkíẹ́lì mọ̀ ni ó ń sọ, pẹ̀lú ẹṣin, ọrun àti ọfà. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè bí Májẹ̀mú Tuntun ṣe lò ó: Ìfihàn 20:8 sọ Gọ́ọ̀gù àti Mágọ́gù di gbogbo orílẹ̀-èdè láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kò gba inú ẹ̀wù yẹn.

Ẹgbẹ̀rún ọdún náà kò sí níbòmíràn nínú Bíbélì àyàfi Ìfihàn 20, òun ló sì pín àwọn Kristẹni. Àwọn kan ní Kristi yóò padà ṣáájú rẹ̀, àwọn kan ní lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ní ìgbà ìjọ yìí gan-an ni. Bí ẹ bá fẹ́ dán èyíkéyìí wò, ẹ gbé Èsíkíẹ́lì 40 sí 48 fún un. Ẹni tó ní tẹ́ńpìlì gidi ni yóò wà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ inú 43:18-27 lójú Hébérù 10:18, tó ní kò sí ẹbọ fún ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní àpẹẹrẹ lásán ni gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wòlíì fi lo orí mélòó kan láti fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn ẹnu ọ̀nà àti yàrá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fo ìbéèrè tirẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ pín ojú ewé sí mẹ́rin: ohun tí ẹsẹ náà sọ, ohun tó jẹ́ fún àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ibi tí Májẹ̀mú Tuntun ti lò ó, ohun tí ẹ rò pé ó kù. Apá kẹrin ni pẹ́ńsù wà fún. Bí apá kẹta bá ṣófo, ẹ kọ́kọ́ padà sínú kọ́ńkọ́dáǹsì. Bó bá ṣì ṣófo, ẹ kọ apá kẹrin ní kúkurú. Ẹ dán an wò lórí Dáníẹ́lì 12:11-12. Ẹsẹ kan ní ọjọ́ 1,290, èyí tó tẹ̀ lé e ní ìbùkún ni fún ẹni tó dúró tó dé 1,335. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ọjọ́ 45, ìwé náà kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ 1,290, ẹ kọ 1,335, ẹ kọ 45, kí ẹ fi ìyókù ìlà náà sílẹ̀ ní òfìfo.